Ẹ má wá nọ́ńbà náà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àròpọ̀ páwà

Ìṣirò kan wà tí mo máa ń kọ sójú pátákó lọ́jọ́ tí mo bá kọ́kọ́ pàdé àwọn ọmọ Further Maths tuntun. Nọ́ńbà mẹ́ta kan wà. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 1 ni. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí páwà 2 (ìyẹn ni pé ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀) kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀, 2 ni. Ẹ gbé wọn sí páwà 3, 3 ni. Kí ni yóò jẹ́ ní páwà 4?

Gbogbo kíláàsì á pariwo pé 4. Kì í ṣe 4. Ohun tó sì mú mi fẹ́ràn ìṣirò yìí ni pé ẹ lè mọ ìdáhùn rẹ̀ láìmọ ẹyọ kan nínú nọ́ńbà mẹ́ta náà. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kó jọ síbí.

Kí ni àròpọ̀ páwà gan-an?

Ẹ mú nọ́ńbà mélòó kan, ká ní x, y àti z. p₁ ni x + y + z. p₂ ni x² + y² + z². p₃ ni x³ + y³ + z³, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Àwọn p wọ̀nyí ni àròpọ̀ páwà. Bí ẹ bá fi x sí àyè y, tí ẹ fi y sí àyè x, kò sí èyí tó máa yí padà nínú wọn. Polynomial (àròpọ̀ lẹ́tà àti páwà wọn bí irú ìwọ̀nyí) tó bá ní ìwà yìí ni à ń pè ní symmetric.

Wọ́n ní ìbátan kan tí a ò lè ṣe kí a má dárúkọ. e₁ ni x + y + z; òun àti p₁ kò yàtọ̀. e₂ ni xy + xz + yz, ìyẹn ni pé ẹ mú wọn ní méjì-méjì, ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ wá rò ó pọ̀. e₃ ni xyz. Àwọn e yìí ló máa ń jókòó sínú ìdọ́gba tí x, y àti z jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó máa mú un jẹ́ òdo bí a bá fi wọ́n sí àyè t:

t³ − e₁t² + e₂t − e₃ = 0

Ṣé kì í ṣe α² + β² tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nìyí?

Òun náà ni. Ẹni tó bá ti múra fún Further Maths WAEC ti pàdé rẹ̀: wọ́n á ní α àti β ni gbòǹgbò ìdọ́gba kan, wọ́n á ní kí ẹ wá α² + β² láìyanjú ìdọ́gba náà. Ẹ ó kọ (α + β)² − 2αβ, ẹ ó kọjá lọ. Ó máa ń dùn mí pé ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ọmọ á há ti páwà 2 sórí, á há ti páwà 3 sórí, kò ní sí ẹni tó máa sọ fún un pé àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, àti pé páwà 10 kò le ju páwà 3 lọ.

Fún nọ́ńbà méjì, tí e₁ jẹ́ àròpọ̀ wọn, tí e₂ jẹ́ ìsọdipúpọ̀ wọn, tí k sì jẹ́ páwà tí ẹ ń wá, àtẹ̀gùn náà nìyí:

pₖ = e₁·pₖ₋₁ − e₂·pₖ₋₂

Ká ní àròpọ̀ nọ́ńbà méjì jẹ́ 1, tí ìsọdipúpọ̀ wọn sì jẹ́ −1. p₀ jẹ́ 2, torí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó bá wà ní páwà 0 ti di 1. p₁ jẹ́ 1. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ kàn máa rò méjì tó ṣáájú pọ̀ ni: 3, 4, 7, 11, 18, 29, 47, 76, 123. 123 tó gbẹ̀yìn yẹn ni p₁₀. Nọ́ńbà Lucas ni wọ́n ń pè wọ́n, ìbátan nọ́ńbà Fibonacci (1, 1, 2, 3, 5, 8…) tí wọ́n ń fi ọ̀nà kan náà rò. Gbòǹgbò méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní √5 nínú, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé wọn sí páwà 10 lọ́wọ́ á rí i bó ṣe máa rí. Àwa ò fojú kàn wọ́n rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ti 1, 2, 3 yẹn tán.

Ẹ mú bírò. p₁ = 1, torí náà e₁ = 1.

Ó kan e₂. Bí ẹ bá tú (x + y + z)² sílẹ̀, ẹ ó rí x², y², z², ẹ ó sì rí xy, xz àti yz, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni pé e₁² = p₂ + 2e₂. A ní 1 = 2 + 2e₂, nítorí náà e₂ = −1/2.

Ó kan e₃. Ìlà tí a máa lò ni p₃ = e₁p₂ − e₂p₁ + 3e₃. (Ibi tí 3 yẹn ti wá ń bọ̀ nísàlẹ̀.) 3 = 2 + 1/2 + 3e₃. Ohun tó ṣẹ́kù fún 3e₃ ni 1/2, nítorí náà e₃ = 1/6.

Irinṣẹ́ ti pé lọ́wọ́ wa báyìí. Láti páwà 4 lọ, ìlà kan náà la ó máa lò:

p₄ = e₁p₃ − e₂p₂ + e₃p₁ = 3 + 1 + 1/6 = 25/6

p₅ = e₁p₄ − e₂p₃ + e₃p₂ = 25/6 + 3/2 + 1/3 = 6

p₆ = e₁p₅ − e₂p₄ + e₃p₃ = 6 + 25/12 + 1/2 = 103/12

Ẹ wo p₅ dáadáa. Lẹ́yìn 25/6 tó rí gánnagànna yẹn, odindi 6 ló yọ. Mo ti ṣe ìṣirò yìí níwájú ọmọ kíláàsì tí mi ò lè ka iye wọn mọ́, síbẹ̀ inú mi ṣì máa ń dùn nígbà tí 6 yẹn bá jáde.

Àwọn nọ́ńbà mẹ́ta náà wá dà?

Gbòǹgbò t³ − t² − t/2 − 1/6 = 0 ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn súnmọ́ 1.43. Méjì tó kù kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹ lè fi wọn aṣọ. √−1 wà nínú wọn. Ẹni tó bá ní òun á kọ́kọ́ wá wọn kí òun tó ṣe p₄ á jìyà gidi, nígbà tó sì bá rò gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, √−1 náà á pa ara rẹ̀ rẹ́, 25/6 kan náà ló máa kù sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo ojú ìwé yìí nìyẹn: àwọn àròpọ̀ páwà mọ ara wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ fi nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́?

Ohun tó rọrùn ló gbé e dúró. x jẹ́ gbòǹgbò ìdọ́gba wa, nítorí náà:

x³ = e₁x² − e₂x + e₃

Ẹ fi x sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di púpọ̀:

x⁴ = e₁x³ − e₂x² + e₃x

Ẹ kọ irú rẹ̀ fún y sábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ti z sábẹ́ ìyẹn, kí wọ́n tò léra bí ìgbà tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ń ṣe ìròpọ̀. Ẹ wá rò wọ́n pọ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Lápá òsì, x⁴ + y⁴ + z⁴ di p₄. Lápá ọ̀tún, e₁ bá gbogbo páwà 3 pàdé, e₂ bá gbogbo páwà 2, e₃ bá gbogbo páwà 1. Ó tán. Bí ẹ bá fẹ́ p₅, x² ni kí ẹ fi sọ ọ́ di púpọ̀ dípò x. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ márùn-ún, ìlà márùn-ún lẹ ó tò.

3e₃ ńkọ́? Kí ló dé tí kì í ṣe e₃ lásán?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú, torí náà mo fẹ́ ká dúró díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo e₁p₂, ìyẹn (x + y + z)(x² + y² + z²). Bí lẹ́tà kan bá pàdé ara rẹ̀, ó di x³. Gbogbo irú wọn jẹ́ p₃. Bí ó bá pàdé ẹlòmíràn, ó di irú x²y. A fẹ́ p₃ nìkan, àwọn irú x²y sì ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, nítorí náà a ní láti yọ wọ́n.

Kí la ó fi yọ wọ́n? e₂p₁, ìyẹn (xy + xz + yz)(x + y + z). xy pàdé x, ó di x²y. xy pàdé y, ó di xy². Ó dára, àwọn tí à ń wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n xy tún pàdé z, ó di xyz. xz pàdé y, xyz. yz pàdé x, xyz. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni xyz wọlé láìpè é. Bí a bá yọ e₂p₁, a ti yọ xyz mẹ́ta tí kò jẹ gbèsè wa. A gbọ́dọ̀ dá wọn padà, òun ni + 3e₃.

Ẹni tó ń ka nǹkan ní Yorùbá kò ní rí èyí bí àjèjì. Láti dé 45, ọgọ́ta la ń lọ, a ó yọ mẹ́wàá, a ó tún yọ márùn-ún: àrùndínláàádọ́ta. A máa ń kọjá ibi tí à ń lọ, a ó wá padà sẹ́yìn. Àwọn e náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe: kún un, yọ, kún un, yọ.

Bí ẹ bá ti rí i fún 3, ẹ ti rí i fún gbogbo rẹ̀. p₂ = e₁p₁ − 2e₂. Fún nọ́ńbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, p₄ = e₁p₃ − e₂p₂ + e₃p₁ − 4e₄ (e₄ ni kí ẹ mú wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin). Níwọ̀n ìgbà tí páwà náà kò bá tíì ju iye nọ́ńbà tí ẹ ní lọ, ẹyọ tó gbẹ̀yìn máa ń gbé nọ́ńbà páwà náà dání. Tí páwà bá ti ju iye wọn lọ, kò sí eₖ mọ́, òdo ni, ẹyọ yẹn sì parẹ́. Ìdí nìyẹn tí 4e₄ kò fi sí nínú ìṣirò nọ́ńbà mẹ́ta.

Ṣé mo lè fò e kọjá, kí n lọ láti p sí p tààrà?

Ẹ lè ṣe é. Fún nọ́ńbà méjì:

p₃ = (3p₁p₂ − p₁³) / 2

Fún nọ́ńbà mẹ́ta:

p₄ = (p₁⁴ − 6p₁²p₂ + 8p₁p₃ + 3p₂²) / 6

Ẹ fi 1, 2, 3 sínú rẹ̀: 1 − 12 + 24 + 12 = 25, ẹ pín in sí 6. Ó bára mu. Ṣùgbọ́n èmi kì í há irú èyí sórí, mi ò sì ní kí ọmọ kankan há a. Bí ẹ bá dé p₅, ó ti ń gùn. Ọ̀nà e kò gùn ju bó ṣe wà lọ.

Àròpọ̀ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ ní kí n tó lè bẹ̀rẹ̀?

Iye nọ́ńbà tí ẹ ní. Mẹ́ta fún mẹ́ta, méje fún méje. Ẹ ò lè fi p₁ àti p₂ nìkan mọ p₃ nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹ wo 0, 4, 5, kí ẹ sì wo 1, 2, 6. Àròpọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ 9. Ní páwà 2, 0 + 16 + 25 jẹ́ 41, 1 + 4 + 36 náà jẹ́ 41. Ní páwà 3, àkọ́kọ́ jẹ́ 189, èkejì jẹ́ 225. Ọ̀nà ti pínyà.

Ṣùgbọ́n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, ohun gbogbo ti dúró. Ẹ̀yin lẹ ò tíì mọ nọ́ńbà náà, àmọ́ kò sí nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn tó lè ní p₁, p₂ àti p₃ kan náà.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí àròpọ̀ wọn bá jẹ́ òdo?

Inú mi dùn pé ẹ bi mí. Bí x + y + z = 0, e₁ ti kúrò lọ́nà, gbogbo nǹkan sì mọ́ kedere: p₂ = −2e₂, p₃ = 3e₃, p₄ = p₂²/2. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ààyò mi:

p₅/5 = (p₂/2) · (p₃/3)

2 àti 3 jẹ́ 5, òkè àti ìsàlẹ̀! Ẹ dán an wò pẹ̀lú 1, 2 àti −3. p₂ = 1 + 4 + 9 = 14. p₃ = 1 + 8 − 27 = −18. Lápá ọ̀tún, 7 lọ́nà −6 jẹ́ −42. Lápá òsì, p₅ = 1 + 32 − 243 = −210, ẹ pín in sí 5, −42. Ó tún ṣẹlẹ̀ fún 7: p₇/7 = (p₂/2) · (p₅/5).

Ẹ má wá rò pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ títí lọ. p₄/4 kì í ṣe (p₂/2)(p₂/2). Ìdajì rẹ̀ ni. Ẹ ṣe é lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gbàgbọ́.

Ta ló rí i? Newton ni wọ́n máa ń dárúkọ.

Orúkọ Newton ló lẹ̀ mọ́ ọn, nínú ìwé *Arithmetica Universalis* tó jáde ní 1707. Ṣùgbọ́n Albert Girard ti ṣáájú rẹ̀. Ará Lorraine ni, tó lọ ń gbé ní ilẹ̀ àwọn Dutch. Ní 1629 ó tẹ ìwé kan ní Amsterdam, *Invention nouvelle en l'algèbre*, ó sì kọ àròpọ̀ páwà gbòǹgbò sínú rẹ̀ láti páwà 1 dé páwà 4. Ní 1762, Edward Waring ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àgbékalẹ̀ tó kárí gbogbo páwà jáde. Èmi máa ń dárúkọ Girard fún àwọn ọmọ mi. Ẹni tó ṣáájú, ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹni tó ṣáájú.

Ibo ni wọ́n ti ń lò ó lóde kíláàsì?

Ní 1840, Le Verrier ará Faransé lò ó lórí ohun tí à ń pè ní mátíríìsì lónìí, ìyẹn nọ́ńbà tí a tò ní ìlà àti òpó bíi tábìlì (òun kan náà ló fi ìṣirò sọ ibi tí wọ́n ti máa rí pílánẹ́ẹ̀tì Neptune ní 1846). Bí ẹ bá sọ mátíríìsì di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, tí ẹ rò àwọn tó wà lórí ìlà ìdábùú rẹ̀ (láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún) pọ̀, àròpọ̀ páwà gbòǹgbò ìdọ́gba tó jẹ́ ti mátíríìsì náà lẹ rí yẹn. Ẹ ti ní àwọn p. Ẹ fi wọ́n wá àwọn e, ìdọ́gba rẹ̀ ti délẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń gé ìdá nọ́ńbà kúrò, àṣìṣe máa ń kóra jọ lọ́nà yìí, nítorí náà fún mátíríìsì ńlá wọ́n ní ọ̀nà mìíràn.

Èyí tó sún mọ́ wa ni ti nǹkan tó sọnù. Ká ní mo fún ìwé ìdánwò 40 ní nọ́ńbà láti 1 dé 40, mo gbà wọ́n padà, méjì kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń rò nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀, mo sì ń rò páwà 2 rẹ̀ pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo bá 774 àti 21010. Tí gbogbo wọn bá pé, ó yẹ kó jẹ́ 820 àti 22140. Ohun tó dín ni 46 àti 1130: p₁ àti p₂ àwọn méjì tó sọnù nìyẹn. e₂ = (46² − 1130)/2 = (2116 − 1130)/2 = 493. Ìdọ́gba wa ni t² − 46t + 493 = 0, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni 17 àti 29. Ọmọ nọ́ńbà 17 àti ọmọ nọ́ńbà 29 ni kí n pè.

Fún ìwé 40, ẹ tò wọ́n sórí tábìlì, ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ fún kọ̀ǹpútà tí mílíọ̀nù nǹkan ń kọjá níwájú rẹ̀ tí kò sì ní àyè láti tọ́jú wọn, àròpọ̀ méjì péré ló máa fi pamọ́. Bí mẹ́ta bá sọnù, á nílò p₃ pẹ̀lú.

Mo gbọ́ pé ó ní í ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà prime.

Bẹ́ẹ̀ ni. (Prime ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan lè pín láìṣẹ́kù.) Ẹ mú ìdọ́gba x³ = x + 1. e₁ = 0, e₂ = −1, e₃ = 1, nítorí náà pₖ = pₖ₋₂ + pₖ₋₃. Láti p₀ lọ: 3, 0, 2, 3, 2, 5, 5, 7, 10, 12, 17, 22, 29, 39. p₅ jẹ́ 5, p₇ jẹ́ 7, p₁₁ jẹ́ 22, p₁₃ jẹ́ 39. Bí k bá jẹ́ prime, k máa ń pín pₖ láìṣẹ́kù. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ bá tú (x + y + z)ᵏ sílẹ̀ nígbà tí k jẹ́ prime, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí xᵏ, yᵏ àti zᵏ ló ní k nínú. Àwọn e wa jẹ́ odindi, p₁ sì jẹ́ òdo, nítorí náà pₖ náà gbọ́dọ̀ ní k nínú.

Ní 1899 ni Perrin, ará Faransé, béèrè bóyá òdìkejì rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́: bí k bá pín pₖ, ṣé dandan ni kí k jẹ́ prime? Ó jọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Rárá ni. 271441 ni èyí tó kéré jù tó ba òfin náà jẹ́, 521 lọ́nà 521 ni. Ẹ fojú inú wo bí èèyàn ṣe máa dán an wò lọ́wọ́ dé 200000 tí á sì búra pé òótọ́ ni.

Ṣé ibì kan wà tí kò ti ṣiṣẹ́?

Ó wà, ibi tí a kò bá ti lè pín. A fi 2 pín kí a tó rí e₂, a fi 3 pín kí a tó rí e₃. Nínú ìṣirò tí 0 àti 1 nìkan wà, tí 1 + 1 sì jẹ́ 0, kò sí ohun tó ń jẹ́ pé kí a fi 2 pín. p₂ níbẹ̀ jẹ́ p₁² gan-an, kò sọ ohun tuntun kankan fún wa. Lílọ láti e sí p ṣì ṣeé ṣe níbẹ̀. Pípadà láti p sí e ni kò sí.

Ṣé òun kan náà ni 1³ + 2³ + … + n³ = (1 + 2 + … + n)²?

Rárá, orúkọ ló jọ ara wọn. Èyí tí ẹ kọ yẹn dúró lórí pé nọ́ńbà náà tẹ̀ léra láti 1. Tiwa ò bìkítà irú nọ́ńbà tó jẹ́, iye wọn nìkan ló ń béèrè.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé mi ò ṣi ìlà kọ?

Ẹ fi 1 sí àyè gbogbo lẹ́tà. Ọmọ kan kọ p₃ = e₁p₂ − e₂p₁ + e₃ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó fi 1, 1, 1 sí i. p₃ gbọ́dọ̀ jẹ́ 3. e₁ = 3, e₂ = 3, e₃ = 1, p₁ àti p₂ jẹ́ 3: 9 − 9 + 1, ó rí 1. Ó wo ìwé rẹ̀ títí, ó kọ 3 síwájú e₃ fúnra rẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Ẹ tún lè ka àwọn nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Nínú ìlà p₄, ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé 4: p₁p₃ jẹ́ 1 + 3, p₂² jẹ́ 2 + 2, p₁²p₂ jẹ́ 1 + 1 + 2. Bí ẹ bá rí p₁p₂ nínú ìlà p₄, ẹ padà sẹ́yìn.